Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọnà Gíráfíìkì ní Yunifásítì: Kí Ni A Fẹ́ Lọ Kọ́, Iṣẹ́ Wo Ló sì Wà Níbẹ̀?

Ẹ̀kọ́ wa ní oṣù yìí dá lórí ìbéèrè kan tí àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé wá bá wa ní ilé kéwú nígbà gbogbo tí èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá bá jáde. Ọmọ yóò sọ pé iṣẹ́ ọnà gíráfíìkì ni òun fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì. Bàbá yóò ní, “Ṣé nítorí àtikọ pátákó ni mo ṣe ń san owó ilé ìwé láti ọjọ́ yìí wá?” Ìyá yóò ní kí ó kúkú lọ kọ́ ìṣirò owó tàbí ìmọ̀ òfin. Bí a bá wá bi ọmọ náà pé kí ni iṣẹ́ yìí gan-an, yóò ní, “Kọ̀ǹpútà ni.”

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, a óò rí i pé bàbá kò mọ ohun tí òun ń kọ̀, ọmọ náà kò sì mọ ohun tí òun ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọdún mẹ́rin nínú ayé ọ̀dọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Ẹ jẹ́ kí á jọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹni tí yóò lọ lè fi ìmọ̀ lọ, kí ẹni tí yóò sì dúró lè mọ ìdí tí òun fi dúró.

1. Kí ni iṣẹ́ yìí?

Iṣẹ́ ọnà gíráfíìkì ni kí á to ọ̀rọ̀, àwòrán, àwọ̀ àti àyè òfìfo pọ̀ sójú kan, kí ẹni tó bá rí i lè tètè gbọ́ ohun tí a fẹ́ sọ, kí ó sì gbà á gbọ́. Ìwé ìpè wòlímọ̀, èèpo ẹ̀yìn ìwé, àmì ilé iṣẹ́, páálí oògùn, pátákó ojú ọ̀nà, ojú ewé ìwé ìròyìn tí ẹ dì mú yìí, àti ohun tí ẹ ń tẹ̀ lójú fóònù yín, gbogbo rẹ̀ ni ẹnì kan jókòó tò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yà lè má mọ̀ ọ́n tò. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lò náà lè má mọ̀ ọ́n tò. Abẹ́rẹ́ ni kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ aránṣọ. Abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń gé aṣọ kó bá ènìyàn lára mu.

Ẹ wo àsíá orílẹ̀-èdè wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a bí ní Ìbàdàn ní ọdún 1936, Táíwò Akínkúnmi, ló ṣe é. Ó wà ní Lọ́ńdọ́nù, ó ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, nígbà tó rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ń wá àsíá fún orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gba òmìnira. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n mú ní ọdún 1959, wọ́n sì fún un ní £100. Ó ti ya oòrùn sí àárín rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń ṣèdájọ́ ló yọ ọ́ kúrò. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ọ̀já mẹ́ta àti àwọ̀ méjì. Lónìí, ọmọ ọdún márùn-ún lè fi ìka ya á sórí iyẹ̀pẹ̀ láìwo ibì kankan. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: kì í ṣe ohun tí a kó jọ ló ń mú iṣẹ́ dára bí kò ṣe ohun tí a ní sùúrù láti yọ kúrò.

2. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àlejò ní Abẹ́òkúta

Àwọn kan rò pé iṣẹ́ tuntun tí ọmọ Èkó gbé dé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́òkúta ni ìwé ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, gbé Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń ta ẹyọ kan. Ó ń jáde títí di ọdún 1867, nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ tí àwọn òyìnbó sì kúrò nílùú. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá kọ́ bí a ti ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń ya ojú ewé sí ọ̀nà, bí àkọlé ṣe ń tóbi ju ọ̀rọ̀ lọ. Iṣẹ́ kan náà ni à ń wí yìí.

Ẹ tún lọ sí Ìtòkú, kí ẹ wo àdìrẹ. Àdìrẹ oníkó wà, èyí tí wọ́n fi ìkó dì. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ wà, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ pákí ya kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ní Abẹ́òkúta, ọ̀nà kan tó gbajúmọ̀ ni pé kí ọkùnrin gé páànù ní oníhò sí àwòrán tí wọ́n fẹ́, kí obìnrin wá gbé páànù náà lé aṣọ, kí ó fa ẹ̀kọ lé e, kí ó sún un síwájú, kí ó tún fà á, títí aṣọ yóò fi kún. Títún àwòrán kan ṣe láìjẹ́ kí ó yẹ̀, kí apá òsì bá apá ọ̀tún mu, jẹ́ ẹ̀kọ́ pàtàkì tí àwọn olùkọ́ gíráfíìkì ń fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọ́ni. Aṣọ tí wọ́n ń pè ní Olóba, tó ní àwòrán ọba àti ayaba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jáde láti inú ayẹyẹ ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè tí ọba George Karùn-ún ṣe ní ọdún 1935. Ìròyìn ọdún náà ni àwọn ìyá wa tẹ̀ sára aṣọ.

Ní ti kéwú, àwa tí a jókòó ti wàláà àti tàdáwà kò gbọdọ̀ rò pé àwa kò sí níbẹ̀. Abẹ́òkúta yìí ni Sheikh Adam Abdullah al-Ilori ti dá Markaz sílẹ̀ ní ọdún 1952 kí ó tó kó o lọ sí Agége ní ọdún 1955, wọ́n sì ní ilé ìtẹ̀wé tí ń tẹ ìwé Lárúbáwá níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé tí a fi kọ́ kéwú ní ilẹ̀ Áfíríkà apá ìwọ̀ oòrùn yìí ni a fi ọwọ́ kọ, tí a ya fọ́tò rẹ̀, kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó fi kálámù kọ ọ́ ni oníṣẹ́ ọnà gíráfíìkì ìwé náà.

3. Kí ni wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì?

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹ̀ka tí ẹ óò bá gíráfíìkì ni ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà, èyí tí wọ́n ń pè ní Fine and Applied Arts tàbí Creative Arts. Ọdún mẹ́rin ni fún ẹni tó bá fi JAMB wọlé. Lọ́dún àkọ́kọ́, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ́ nǹkan gbogbo pọ̀: yíyàwòrán, kíkùn, gbígbẹ́ ère, ìkòkò mímọ, aṣọ híhun àti rírẹ, àti gíráfíìkì. Lẹ́yìn náà ni oníkálukú yóò wá yan ẹ̀ka tirẹ̀. Kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó lọ, kí ẹ má baà sá padà nígbà tí wọ́n bá fún yín ní amọ̀ dípò kọ̀ǹpútà.

Nínú gíráfíìkì fúnra rẹ̀, ohun tí wọ́n ń kọ́ni nìwọ̀nyí: ìmọ̀ lẹ́tà, bí wọ́n ṣe rí àti bí a ti ń yan èyí tó yẹ, ìmọ̀ àwọ̀, títo ojú ewé, àmì ilé iṣẹ́, páálí àti àpò ọjà, fọ́tò yíyà, iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ìtàn iṣẹ́ ọnà, àti àwòrán tí ń rìn. Wọ́n tún ń kọ́ bí a ti ń fetí sí ẹni tó gbéṣẹ́ wá, kí a mọ ohun tó fẹ́ gan-an, nítorí ohun tó sọ àti ohun tó fẹ́ lè yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ méjì tí yóò fi yé yín pé ìmọ̀ wà nínú rẹ̀. Èkíní: ọ̀pọ̀ èwe ló ti ṣe ìwé ìpè lórí fóònù, tí àwọ̀ ewé rẹ̀ ń tàn yanran, ṣùgbọ́n tí ó jáde ní ilé ìtẹ̀wé bí ewé gbígbẹ. Wọ́n á ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ. Ojú fóònù ń fi ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ṣe àwọ̀: pupa, ewé àti búlúù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń fi yíǹkì mẹ́rin ṣe tirẹ̀: cyan, magenta, yẹ́lò àti dúdú. Àwọn àwọ̀ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ lè ṣe tí yíǹkì kò lè ṣe láéláé. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ yóò ti mọ èyí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì: fọ́tò tí a gbà lórí WhatsApp dára lójú fóònù, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ńlá, yóò fọ́ wómúwómú. Fún ìwé tí a óò dì mú lọ́wọ́, àmì kéékèèké 300 nínú ínǹṣì kọ̀ọ̀kan ni ìwọ̀n tí àwọn atẹ̀wé ń fẹ́. WhatsApp sì ti dín wọn kù kí fọ́tò náà tó dé ọ̀dọ̀ wa.

4. Ọ̀nà àtiwọlé

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó fẹ́ yunifásítì yóò ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ló ń béèrè Fine Art pẹ̀lú. Nínú JAMB, èdè Gẹ̀ẹ́sì, Fine Art àti iṣẹ́ méjì mìíràn ni. Kí oníkálukú wo ìwé ìtọ́ni JAMB ti ọdún tirẹ̀ dáadáa, nítorí ohun tí yunifásítì kan gbà, òmíràn lè má gbà á. Ìṣòro ńlá ni pé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga wa kéékèèké kò ní olùkọ́ Fine Art. Kí ẹni tó wà ní ìwé kẹrin má dúró di ìwé kẹfà kí ó tó wá olùkọ́.

Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria wà lára àwọn tó ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà. Yaba College of Technology, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, ní ilé ẹ̀kọ́ tó pa iṣẹ́ ọnà, gíráfíìkì àti ìtẹ̀wé pọ̀. Yusuf Grillo, ọ̀kan nínú àwọn àgbà oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa, jẹ́ olórí ẹ̀ka náà fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ní pólì, ọdún méjì ni OND, a óò lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, lẹ́yìn náà HND ọdún méjì. Nítòsí wa níhìn-ín, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà fún ẹni tó fẹ́ NCE ọlọ́dún mẹ́ta, tó sì fẹ́ ṣe olùkọ́. A ti sọ pé olùkọ́ kò tó. Ààyè wà níbẹ̀.

5. Lẹ́tà méjì tí a ní lọ́wọ́

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Àwọn tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀kọ́ gíráfíìkì lọ́dọọdún pọ̀, àwọn tó sì fi fóònù nìkan kọ́ ọ pọ̀ jù wọ́n lọ. Kí ni yóò mú ọmọ ilé kéwú láti Abẹ́òkúta yàtọ̀? Lẹ́tà ni.

Ẹ kọ́kọ́ wo Yorùbá. Ẹ wo pátákó àti ìwé ìpè káàkiri Láfẹ́nwá, Kútọ̀ àti Sápọ́n. Ẹ óò rí i pé ọ̀pọ̀ kò ní àmì lórí, kò ní àmì nísàlẹ̀. Igba, ìgbà àti igbá wá di ọ̀kan náà. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ di ọ̀kan náà. Àìbìkítà nìkan kọ́ ló fà á. Unicode, tí í ṣe ètò àgbáyé tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ tó ní àmì ohùn lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀, a ó wá gbé àmì lé e. Bí ẹni tó ṣe fọ́ńtì náà kò bá pèsè ibi tí àmì yóò jókòó sí, àmì á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ó gun lẹ́tà mìíràn. Ẹni tó mọ fọ́ńtì tó gba Yorùbá dáadáa, tàbí tó lè ṣe ọ̀kan fúnra rẹ̀, ní iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn oníwèé ìròyìn.

Ẹ wá wo Lárúbáwá. Ẹ̀yin mọ̀ pé lẹ́tà 28 ni, apá ọ̀tún ni a sì ti ń kọ ọ́ bọ̀. Lẹ́tà kan ní ìrísí ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín, ti ìparí àti ti àdádó, àfi mẹ́fà tí kì í so mọ́ ẹni tó tẹ̀ lé wọn: álífù, dálù, dhálù, ráù, sáyù àti wáwù. Ẹ̀rọ tí a kò ṣètò fún Lárúbáwá kò mọ èyí. Yóò fọ́n lẹ́tà ká, yóò sì kọ ọ́ láti òsì. A ti rí orúkọ Ọlọ́hun tí a kọ báyìí sára ìwé ìpè, ẹni tó ṣe é kò mọ̀, ẹni tó gbà á kò mọ̀, nítorí wọn kò lè kà á. Àní ẹ̀rọ tuntun tí ń ya àwòrán fúnra rẹ̀, tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù pé yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, nígbà púpọ̀ ni ó ń ba lẹ́tà Lárúbáwá àti àmì ohùn Yorùbá jẹ́. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò mọ̀ pé ó ti bà á jẹ́. Ìwọ ọmọ kéwú, ìwọ lè mọ̀ ọ́n.

Ìmọ̀ yìí sì ní baba ńlá. Ibn Muqla, wàsírì ní Baghdad, ẹni tó kú ní ọdún 940, ló fi ìdí òfin múlẹ̀ pé kí a fi àmì tó wà lẹ́nu kálámù wọn gíga álífù, kí a sì fi álífù wọn àwọn lẹ́tà yòókù. Ohun tí olùkọ́ yunifásítì ń pè ní ìwọ̀n lẹ́tà lónìí nìyẹn. Àwọn àgbà ààfáà wa náà ní ọwọ́ ìkọ̀wé tiwọn tó wá láti ilẹ̀ Maghrib: wọ́n ń fi àmì fáù sísàlẹ̀, wọ́n sì ń fi àmì kan ṣoṣo sórí káfù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kó irú ìwé àtijọ́ bẹ́ẹ̀ jọ láti ìdílé àwọn ààfáà ní Ẹ̀gbá, tó sì fi ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn ṣe fọ́ńtì fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ohun tó níye lórí ló ṣe.

6. Iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀?

Ilé ìtẹ̀wé ni ìbẹ̀rẹ̀, ní Abẹ́òkúta àti ní Ṣómólú ní Èkó. Ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni Erhabor Emokpae, tí iṣẹ́ rẹ̀ hàn lára Gbọ̀ngàn Ìṣeré Àpapọ̀ ní Ìgánmú, ti ṣiṣẹ́ nígbà ayé rẹ̀, ní Lintas. Àwọn atẹ̀wé ilé ẹ̀kọ́ wà ní Ìbàdàn àti Èkó. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Sàngó-Ọ̀tà àti Agbára ní ìpínlẹ̀ wa yìí ń fẹ́ páálí àti àpò fún ọjà wọn. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n wà. Ti ojú fóònù wà: ẹni tó ń ṣètò ibi tí a ó tẹ̀ àti bí a ó ṣe rí i. Iṣẹ́ olùkọ́ wà. Àwọn oníṣòwò àdìrẹ Ìtòkú náà ń fẹ́ àwòrán tuntun. Ẹ̀yin arábìnrin wa, púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ṣeé ṣe láti inú ilé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé inú ilé nìkan ni ààyè yín wà.

A kò ní tàn yín. Owó ìbẹ̀rẹ̀ kéré. Iná kì í dúró, kọ̀ǹpútà sì wọ́n. Àwọn oníbàárà kan yóò ní, “Ṣebí kí o kàn tẹ̀ ẹ́ ni!” Nítorí náà, kí iye owó àti iye ìgbà tí ẹ ó tún iṣẹ́ ṣe wà lórí ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gba àsansílẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti ọdún 2022 dáàbò bo iṣẹ́ yín. Bó ṣe dáàbò bò yín náà ló dáàbò bo ẹlòmíràn: ẹni tó jí àwòrán ẹlòmíràn tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, olè ni.

7. Ààlà iṣẹ́ náà

Àwọn òbí yóò béèrè ọ̀rọ̀ àwòrán ohun ẹlẹ́mìí. Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀, ohùn wọn kò sì ṣọ̀kan lórí fọ́tò àti àwòrán ìkọ́ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá ààfáà tó gbọ́ràn kí ó tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti dé ọdún kejì, nítorí wọn yóò ní kí ó ya ènìyàn ní kíláàsì. Ohun tó dájú ni pé lẹ́tà, àmì, àwọ̀ àti títo ojú ewé fẹ̀ tó láti gba ènìyàn láyé. Ní ti ọtí, tẹ́tẹ́ àti ìpolówó irọ́, kí oníkálukú ti pinnu ohun tí òun kò ní ṣe kí owó tó dé iwájú rẹ̀. Ìpinnu tí a bá ṣe lójú owó kì í lágbára.

8. Ohun tí a lè bẹ̀rẹ̀ lónìí

Ẹ má dúró de JAMB. Ẹ wá ilé ìtẹ̀wé kan tó bá wà nítòsí, kí ẹ lọ máa ṣèrànwọ́ níbẹ̀ nígbà ìsinmi. Ẹ máa kó iṣẹ́ yín jọ sínú fáìlì kan, mẹ́wàá tó dára, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún tó rí bákan náà. Fáìlì yìí ni ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ yóò kọ́kọ́ béèrè, kí ó tó béèrè ìwé ẹ̀rí. Kí bàbá àti ìyá náà béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó san owó ilé ìwé. Bí ọmọ bá ní nǹkan mẹ́wàá tó ti ṣe fúnra rẹ̀, ó mọ ohun tó ń wá. Bí kò bá ní ẹyọ kan, kí ó lo ọdún kan láti ṣe wọ́n, kí a tún jókòó sọ ọ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(i) Ẹ mú ìwé ìpè wòlímọ̀ kan, ẹ gbé e sára ògiri, kí ẹ sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Kí ni ẹ kọ́kọ́ rí? Ṣé ohun tó yẹ kí á kọ́kọ́ rí nìyẹn?
(ii) Ẹ ka pátákó Yorùbá márùn-ún ní àdúgbò yín. Mélòó ló ní àmì tó pé? Ẹ tún wọn kọ.
(iii) Iṣẹ́ wo ni ẹ kò ní gbà bí wọ́n tilẹ̀ san ìlọ́po mẹ́wàá owó rẹ̀, kí sì ni ìdí?

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó ní àǹfààní kẹ́ wa. Āmīn.